Bí a ṣe ń darí àgbàrá orí òrùlé kúrò lórí pápá koríko ilé

Ẹ lọ dúró sídìí páìpù tó ń gbé omi òrùlé sọ̀ kalẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì òjò ńlá. Bó bá jẹ́ orí koríko ló ń dà sí, ẹ ó rí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ ti jin bí àwo. Gbòǹgbò koríko ti hàn síta, òkúta wẹ́wẹ́ nìkan ló sì kù nísàlẹ̀ nítorí omi ti ṣan gbogbo iyẹ̀pẹ̀ tó fúyẹ́ lọ. Ẹrẹ̀ ti ta sára ògiri dé orúnkún. Bí ẹ bá wá tẹ̀lé ipa omi náà síwájú díẹ̀, ẹ ó bá iyẹ̀pẹ̀ tó kó lọ níbi tó ti bo koríko mìíràn mọ́lẹ̀. Koríko ìdí páìpù ń kú nítorí pé kò rí iyẹ̀pẹ̀ di mú mọ́. Ti iwájú ń kú nítorí pé ẹrẹ̀ àti omi tó dúró kò jẹ́ kí gbòǹgbò rẹ̀ mí.

Ẹni tó bá kàn rọ iyẹ̀pẹ̀ dí ihò náà, tó tún gbin koríko kápẹ́ẹ̀tì mìíràn lé e lórí, òjò méjì péré ló máa gbé e lọ. Ọ̀nà omi ló yẹ ká yí padà. Ibi tí iṣẹ́ yìí sì ti ń bàjẹ́ jù ni pé ìdí ògiri ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀: wọ́n ra páìpù, wọ́n gbẹ́lẹ̀, ìgbà tí wọ́n dé òpin ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ibi tí omi máa gbà jáde. Ibi tí omi yóò dà sí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ padà sídìí ògiri. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní February tàbí ìbẹ̀rẹ̀ March, ló dára jù láti gbẹ́lẹ̀. Àmọ́ ìgbà òjò ni kí ẹ ti fi ojú yín wo bí omi ṣe ń rìn nínú ọgbà.

Ẹ mọ iye omi tí òrùlé yín ń gbà

Ìṣirò rẹ̀ kò le rárá. Bí òjò tó ga tó mìlímítà kan bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan lọ́nà ìbú àti òró, lítà kan ni. Ẹ wọn òrùlé láti ilẹ̀, láti etí kan dé etí kejì, títí kan ibi tó yọ kọjá ògiri. Ẹ má ṣe wọ̀n ọ́n lára páànù tó dagẹ̀rẹ̀, nítorí òjìji òrùlé lórí ilẹ̀ ló ń sọ iye omi tó máa gbà.

Ẹ jẹ́ ká mú bọ́ńgálò kan tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ mítà 12 sí mítà 10, irú èyí tó pọ̀ ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Bí òjò tó tó mìlímítà 50 bá rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lítà 6,000 ló bọ́ sórí òrùlé yẹn, ìyẹn dúrọ́ọ̀mù onílítà 200 lọ́nà 30. Bó bá jẹ́ páìpù méjì péré ló ń gbé e sọ̀ kalẹ̀, dúrọ́ọ̀mù 15 ni wọ́n ń dà sójú kan náà lórí koríko yín láàárín wákàtí kan tàbí méjì. Kò sí koríko tó lè fara dà á.

Bí òjò bá wá le gan-an, tó ń rọ̀ bí ẹni pé mìlímítà 100 ni yóò rọ̀ ní wákàtí kan, lítà 100 ni ìlàjì òrùlé yẹn ń tú jáde ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Páìpù ìnṣì méjì tí àwọn kan máa ń rà nítorí owó kò lè gbà ju nǹkan bí lítà 60 lọ ní ìṣẹ́jú kan bí ó bá dagẹ̀rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan fún mítà kan. Omi tó kù á padà sókè, á sì máa tú jáde létí gọ́tà òrùlé sára ògiri àti pákó rẹ̀. Páìpù PVC ìnṣì mẹ́rin máa ń gbà ju lítà 300 lọ lórí ìdagẹ̀rẹ̀ kan náà. Ìnṣì mẹ́rin ni kí ẹ rà. Bí òrùlé bá tóbi ju 200 sikuéà mítà lọ, tó sì jẹ́ páìpù kan ni yóò gba gbogbo rẹ̀, ẹ lọ sí ìnṣì mẹ́fà.

Ibi tí omi yóò dà sí

Gọ́tà títì ló dára jù, bó bá wà níwájú ilé, tó sì rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ ọgbà lọ. Ẹ lọ wò ó nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́wọ́. Gọ́tà tó ń kún dé etí á máa ti omi padà sínú páìpù yín, orí koríko tí ẹ fẹ́ gbà là ni omi náà á sì tún jáde sí. Lára ògiri gọ́tà, ìlà ẹrẹ̀ kan máa ń wà tó ń fi ibi tí omi ń dé nígbà tó bá kún hàn. Òkè ìlà yẹn ni ẹnu páìpù yín gbọ́dọ̀ wà. Bí kò bá sí ìlà, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá méjì.

Bí kò bá sí gọ́tà, ẹ wo apá ìsàlẹ̀ ọgbà. Bí ibẹ̀ bá jìnnà sí ògiri ilé tó mítà mẹ́ta, ó kéré tán, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì ń dagẹ̀rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ilé, omi lè tàn ká síbẹ̀ láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ìrèké. Ẹnu páìpù nìkan ni kí ẹ to òkúta tó tó ìkúùkù sí, ní fífẹ̀ mítà kan, kí omi má baà tún gbẹ́ ihò tuntun síbẹ̀. Omi tó bá dúró síbẹ̀ ju ọjọ́ méjì lọ ti di ilé ẹ̀fọn. Ẹ gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà mìíràn.

Ibi mẹ́ta ni ẹ kò gbọ́dọ̀ da omi òrùlé sí. Èkíní ni sókàwéè ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó máa ń wu pulọ́ńbà láti so ó mọ́ ọn nítorí ó sún mọ́ ilé, àmọ́ òjò alẹ́ kan lè kún sókàwéè yẹn dé ẹnu, kí ìgbọ̀nsẹ̀ má lè ṣàn lọ mọ́, tàbí kí ìdọ̀tí inú rẹ̀ yọ síta lórí ilẹ̀. Èkejì ni ẹ̀gbẹ́ kànga, nítorí ìgbẹ́ ẹyẹ àti ti alángbá tó wà lórí páànù ń bá omi yẹn sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìdí fẹ́ńsì aládùúgbò. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, kò sì ní béèrè ilé ta ni. Fẹ́ńsì búlọ́ọ̀kù tí ilẹ̀ ìdí rẹ̀ ń rin lójoojúmọ́ máa ń kọ́kọ́ sán, lẹ́yìn náà á fì, òru ọjọ́ kan ni yóò ṣubú. Ọ̀rọ̀ tó ń bẹ́ sílẹ̀ nítorí irú èyí kì í tán bọ̀rọ̀ láàárín ilé méjì.

Wíwọn ìdagẹ̀rẹ̀

Ojú lásán máa ń tanni jẹ nínú ọgbà. Ilẹ̀ tó dà bíi pé ó ń lọ sísàlẹ̀ lè máa gòkè. Rọ́bà tó mọ́ gaara tí àwọn bírìkìlà fi ń mú lẹ́fẹ́lì ló yẹ kí ẹ lò. Ẹ rì í sínú garawa omi, ẹ fa omi sínú rẹ̀ títí yóò fi kún, kó ku bí ẹsẹ̀ kan ní ẹnu méjèèjì. Kí ẹ tó wọn ohunkóhun, ẹ kó ẹnu méjèèjì pọ̀ sójú kan: omi inú wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí kò bá dọ́gba, afẹ́fẹ́ wà nínú rọ́bà. Ó máa ń rí roboto bí ìlẹ̀kẹ̀ níbi tí rọ́bà bá ti ká. Ẹ gbé ibẹ̀ sókè, ẹ fi ìka ta á títí yóò fi jáde. Ọ̀pọ̀ ìdagẹ̀rẹ̀ tó yí padà ni ìlẹ̀kẹ̀ afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo fà.

Ẹ ri èèkàn kan níbi tí omi yóò ti gbéra, ẹ ri èkejì létí gọ́tà. Ẹ so ẹnu rọ́bà mọ́ èèkàn kọ̀ọ̀kan, kí omi fara balẹ̀, kí ẹ sì sàmì síbi tí omi dúró lára méjèèjì. Àmì méjì yẹn wà ní ìpele kan náà. Ẹ wá wọn láti àmì kọ̀ọ̀kan sísàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé níbi tí omi yóò ti gbéra, láti àmì dé ilẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40. Ní gọ́tà, láti àmì dé ìlà ẹrẹ̀ jẹ́ 95. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 55. Ẹ yọ 30 kúrò, nítorí ìsàlẹ̀ páìpù gbọ́dọ̀ jìn tó bẹ́ẹ̀ kí ọkọ́ àti àdá má baà kàn án. Ó ku 25. Bí ọ̀nà náà bá gùn ní mítà 16, ìdagẹ̀rẹ̀ yín ju sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ lọ díẹ̀ fún mítà kọ̀ọ̀kan, ó sì dára. Sẹ̀ǹtímítà kan fún mítà kan ni kò gbọ́dọ̀ dín sí, nítorí omi tó bá ń rọra lọ máa ń fi yanrìn sílẹ̀ sójú ọ̀nà.

Ohun èlò

Fún mítà 16 tí a sọ yìí, ẹ ra páìpù PVC ìnṣì mẹ́rin tó gùn tó mítà 19 lápapọ̀, kí ti ìdí ògiri àti èyí tí ẹ ó gé dànù wà nínú rẹ̀. Ẹ ra ẹ́líbò mẹ́rin, gbogbo wọn aláàbọ̀ ìtẹ̀, ìyẹn 45 dígírì. Ẹ́líbò méjì aláàbọ̀ tí a fi ara kan ara máa ń yí omi bíi ti ẹ́líbò kan tó tẹ̀ pátápátá, ìyẹn 90 dígírì, àmọ́ ewé kì í há sí i. Ẹ tún ra gọ́ọ̀mù páìpù agolo kan, nẹ́ẹ̀tì onírin fún ẹnu gọ́tà òrùlé, búlọ́ọ̀kù ìnṣì mẹ́fà lọ́nà mẹ́wàá, sìmẹ́ǹtì àpò kan, irin 10mm díẹ̀, gíráńáìtì bárò méjì, àti yanrìn olómi bí bárò 15. Yanrìn ló máa ń pọ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ, nítorí òun ni páìpù yóò sùn lé, òun náà ni yóò sì yí i ká.

Gbígbẹ́ àti títo páìpù

Ẹ kọ́kọ́ ká koríko. Ẹ fi ṣọ́bìrì gé e ní igun mẹ́rin-mẹ́rin tó tó 30 sẹ̀ǹtímítà, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Ẹ tò ó sórí rọ́bà tàbí tapólì níbi òjìji, kí ẹ máa wọ́n omi sí i. Bí ó bá pẹ́ jù, ọjọ́ kejì ni kó padà sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń gbẹ́ yàrà, ẹ da ilẹ̀ dúdú òkè sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ da ilẹ̀ pupa ìsàlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹni tó bá pò wọ́n pọ̀ máa dá ilẹ̀ pupa padà sókè, koríko kò sì ní mú níbẹ̀. Ìlà pupa kan á wà láàárín pápá títí di ọdún kejì.

Kí yàrà fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà, kó sì jìn ju ibi tí ìsàlẹ̀ páìpù yóò wà lọ ní sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹ rọ yanrìn dí 10 yẹn, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ ta okùn bírìkìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ìdagẹ̀rẹ̀ tí ẹ ti ṣírò, kí ẹ máa wọn láti ara okùn sí yanrìn ní mítà kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ọkọ̀ yóò ti gbà kọjá, páìpù gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ tó nípọn ní 60 sẹ̀ǹtímítà. Bí kò bá sí àyè fún ìyẹn, ẹ fi kọnkéré bò ó yí ká.

Láti gọ́tà ni kí ẹ ti máa to páìpù bọ̀ wá sókè, kí ẹnu tó fẹ̀ máa kọjú sí apá ibi tí omi ti ń bọ̀. Bí ẹ bá ti fi ayùn gé páìpù, ẹ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa. Irun rọ́bà wẹ́wẹ́ máa ń wà níbẹ̀, ó dà bí ohun tí kò jẹ́ nǹkan kan. Irun yẹn ni ìtí ewé máa kọ́kọ́ kọ́, ewé kejì á kọ́ ti àkọ́kọ́, títí páìpù á fi dí. Ẹ fi ọ̀bẹ há a kúrò, kí ẹ fi sáńdípépà nù ún. Ẹ fi gọ́ọ̀mù sí ara ẹnu méjèèjì, ẹ tì í wọlé, ẹ yí i díẹ̀, kí ẹ dì í mú fún bí ìṣẹ́jú kan.

Ṣáńbà

Ní mítà kan sí ògiri ni kí ẹ kọ́ ṣáńbà kékeré sí, ìyẹn kòtò oníbúlọ́ọ̀kù tó ní ìdérí, tí omi ń gbà kọjá, kí yanrìn àti ewé lè dúró síbẹ̀ ká máa kó wọn. Ìlà páìpù tí kò ní ṣáńbà kò ní ibi tí a ti lè ṣí i. Ọjọ́ tó bá dí, ẹ ó hú gbogbo pápá ni.

Ẹ da kọnkéré sí ilẹ̀ rẹ̀ ní ìnípọn sẹ̀ǹtímítà 10. Ìwọ̀n kan sìmẹ́ǹtì, méjì yanrìn, mẹ́rin gíráńáìtì, ike kan náà ni kí ẹ fi wọn gbogbo rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù mẹ́rin ló ń yí ipele kan ká bí orí ọ̀kan bá kan ẹ̀gbẹ́ èkejì, inú rẹ̀ á sì fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Ipele méjì tó. Ẹ jẹ́ kí ẹnu ṣáńbà yọ sókè ilẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún kí ẹrẹ̀ ọgbà má baà ṣàn wọ inú rẹ̀. Páìpù tó ń jáde gbọ́dọ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 15 ga ju ilẹ̀ ṣáńbà lọ, èyí tó ń wọlé sì gbọ́dọ̀ ga ju èyí tó ń jáde lọ ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Inú 15 yẹn ni yanrìn máa sùn sí. Ẹ dá ihò méjì tó tó ìka sí ilẹ̀ rẹ̀ kí omi tó kù lè rì, kí ẹ̀fọn má baà yé sí i.

Ìdérí rẹ̀ jẹ́ 60 sí 60, ìnípọn sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà, irin 10mm nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe dà á ní odindi. Ìdérí odindi wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì lọ díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa fẹ́ ṣí i lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ dà á ní ìlàjì méjì, kí ẹ fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ọwọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí ẹ tó bo yàrà, ẹ da garawa omi mẹ́wàá sínú ṣáńbà tẹ̀lé ara wọn, kí ẹnì kan dúró ní gọ́tà, kí ẹlòmíràn máa wo gbogbo oríkèé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi yanrìn bo páìpù dé orí rẹ̀, ẹ da ilẹ̀ pupa lé e ní ìpele sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ máa gún un mọ́lẹ̀, kí ilẹ̀ dúdú tẹ̀ lé e, kí koríko wá gbẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kó ga ju ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ ní sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta, nítorí yóò rì.

Bí títì bá ga ju ọgbà lọ

Ní Èkó, ọ̀pọ̀ títì ni wọ́n ti gbé sókè tó bẹ́ẹ̀ tí ọgbà fi wà nínú kòtò. Omi kò ní gòkè, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta páìpù fún yín lórí ìlérí pé yóò gòkè fúnra rẹ̀ láti abẹ́ ilẹ̀. Àmọ́ ẹ rántí pé láti òkè, ní nǹkan bí mítà mẹ́ta, ni omi òrùlé ti ń bọ̀. Ẹ má jẹ́ kó kan ilẹ̀ rárá. Ẹ gbà á láti ibi gíga, kí ẹ gbé páìpù gba ara fẹ́ńsì yín pẹ̀lú ìdagẹ̀rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà kan fún mítà kan, títí yóò fi dà sínú gọ́tà títì láti òkè. Ẹ fi kíláàmù dì í mú ní mítà kọ̀ọ̀kan. Páìpù tó kún fún omi wúwo, èyí tí a kò dì mú dáadáa á tẹ̀ láàárín, ibẹ̀ ni yanrìn á sì jókòó sí.

Bí sókàwéè omi òjò ló bá kù

Sókàwéè omi òjò ni ihò tí omi òrùlé máa dà sí kó lè rì sínú ilẹ̀. Ẹ dán ilẹ̀ wò nígbà òjò, ní June tàbí July, torí ilẹ̀ gbígbẹ máa ń mu omi ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó 60 sẹ̀ǹtímítà, ẹ bu omi kún un, ẹ jẹ́ kó rì tán, ẹ tún bu omi sí i, kí ẹ wá wọn iye tó lọ sílẹ̀ ní wákàtí kan. Bó bá lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilẹ̀ yẹn dára. Bí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà kan, ilẹ̀ amọ̀ ni. Ẹ má ṣe ná owó yín síbẹ̀. Ní Lẹ́kkí àti Àjàh, ilẹ̀ yanrìn yóò mu omi, àmọ́ omi abẹ́ ilẹ̀ sún mọ́ òkè tó bẹ́ẹ̀ tí ihò náà lè kún fúnra rẹ̀ ní àárín ìgbà òjò.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n gbẹ́ ihò mítà kan lọ́nà gbogbo, kí wọ́n da òkúta kún un. Òkúta ti gba àyè; lítà 400 péré ni irú ihò bẹ́ẹ̀ ń gbà, ìyẹn dúrọ́ọ̀mù méjì nínú 15 tó ń bọ̀. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù kọ́ inú rẹ̀ láìfi sìmẹ́ǹtì dí àárín àwọn ìlà òró, kí inú rẹ̀ ṣófo. Mítà kan ààbọ̀ lọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń gbà ju lítà 3,300 lọ. Kó jìnnà sí ilé ní mítà márùn-ún, kí ẹ sì fi kọnkéré onírin bò ó dáadáa, nítorí ọmọdé ń ṣeré lórí koríko.

Ìtọ́jú

Igi fúrúùtù àti máńgòrò tó na ẹ̀ka lé òrùlé ló ń dí páìpù jù. Ewé fúrúùtù gbòòrò, ọ̀kan ṣoṣo lè bo ẹnu ihò gọ́tà òrùlé. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin ṣe bí agbọ̀n kékeré tó yọ sókè síbẹ̀; èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ kò wúlò, ewé máa sùn lé e ni. Ẹ nu gọ́tà òrùlé kí òjò àkọ́kọ́ tó dé, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní August nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀. Ẹ ṣí ṣáńbà lóṣooṣù nígbà òjò. Bí yanrìn inú rẹ̀ bá ti ku sẹ̀ǹtímítà márùn-ún kó kan páìpù, ẹ kó o jáde.

Lẹ́yìn òjò kẹta tàbí ìkẹrin, orí yàrà á rì níbì kan tàbí méjì. Ẹ bu ilẹ̀ dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ síbẹ̀, kó má ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi ẹ̀yìn ráákì gbọ̀n ọ́n wọ àárín koríko títí orí ewé rẹ̀ yóò fi hàn síta. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó tún bu òmíràn sí i.